Ìdí tí oògùn kì í fi í ran kòkòrò kábéèjì mọ́

Ẹni tó bá ń gbin kábéèjì létí odò Àlà nílùú Àkúrẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn á mọ ìdin aláwọ̀ ewé kan, tín-ín-tín, tó máa ń jẹ abẹ́ ewé títí tí yóò fi ku awọ òkè nìkan, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ọ̀rá. Ẹ fọwọ́ kàn án, á jà pìtìpìtì, á sì fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Ọmọ àfòpiná ni. Plutella xylostella ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Tí a bá fọ́n oògùn tí kò kú, a ó ní ayédèrú ni wọ́n tà fún wa. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n oògùn náà tún lè pé, kó jẹ́ pé kòkòrò ni kò ràn mọ́.

Nínú ẹgbàágbèje ìdin tó wà lóko, a máa ń rí díẹ̀ tí ara wọn lè pa májèlé kan rẹ́ kó tó pa wọ́n. Bí wọ́n ṣe bí wọn nìyẹn. Tí ẹ bá fọ́n oògùn, àwọn yòókù á kú, àwọn díẹ̀ yìí á ṣẹ́kù, àwọn náà ló máa bímọ, ọmọ á sì jogún agbára ìyá àti bàbá. Nínú ooru tiwa, ìran tuntun lè dé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Ní Java, erékùṣù kan ní Indonesia, láti 1953 ni wọ́n ti kéde pé DDT, oògùn kòkòrò ayé àtijọ́, kò pa kòkòrò yìí mọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìdérí kan kún ìdérí oògùn. Àwọn alágídí lẹ ń ṣà jọ, májèlé sì ń wọ oúnjẹ wa. Bẹ́ẹ̀ ni pípààrọ̀ ìgò lásán kò tó: oògùn cypermethrin àti lambda-cyhalothrin, orúkọ méjì, ìdílé kan náà ni, torí ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà pa kòkòrò; Group 3 ni nọ́ńbà ìdílé wọn. Emamectin wà ní Group 6, Bt, oògùn tí wọ́n fi bakitéríà Bacillus thuringiensis ṣe, wà ní Group 11. Ìdílé ni kí ẹ máa pààrọ̀, ìran kòkòrò kan sí èkejì.

Bt ni mo fẹ́ràn jù, torí kì í pa agbọ́n kéékèèké tó ń bá wa jẹ ìdin náà run. Ìdin gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́ kó tó kú, oòrùn sì tètè ń bà á jẹ́, nítorí náà ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ fọ́n ọn, kó dé abẹ́ ewé. Ṣùgbọ́n ẹ má gbára lé òun nìkan: ní Hawaii, kòkòrò yìí ti borí òun náà kí 1990 tó parí.