Bí nǹkan ṣe ń lọ lọ́jọ́ tí èèyàn bá lọ rí dókítà l'Ábẹ́òkúta

Ní ilé ìwòsàn ìjọba ìpínlẹ̀ tó wà n'Íjàyè, tàbí ti ìjọba àpapọ̀ tó wà n'Ídí-Abà, káàdì ló ń ṣíwájú dókítà. Ẹni tí kò débẹ̀ rí á sọ orúkọ, ọjọ́ orí àti àdúgbò rẹ̀, wọ́n á sì ṣí fáìlì fún un. Kí káàdì yẹn má sọnù o, torí nọ́ńbà orí rẹ̀ ni wọ́n fi ń wá gbogbo ohun tí dókítà ti kọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ jáde.

Nọ́ọ̀sì ló kàn. Wọ́n á wo bí ara ṣe gbóná tó àti bó ṣe wúwo tó, wọ́n á sì wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀. Ti ìfúnpá yìí ń fẹ́ sùúrù. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ lórí ọ̀kadà, tó ń mí hẹlẹ, tó sì ń jẹ obì lẹ́nu, iye tí ẹ̀rọ máa gbé jáde lè ga ju bí ara rẹ̀ ṣe rí lọ. Kó kọ́kọ́ lọ tọ̀, kó jókòó fún ìṣẹ́jú 5, kó fẹ̀yìn ti àga, kó gbé apá lé tábìlì, kó má sì sọ̀rọ̀. Bí ó bá tó 140/90, wọ́n sábà máa ń tún un wọ̀n lọ́jọ́ mìíràn kí wọ́n tó pè é ní ẹ̀jẹ̀ ríru.

Ọ̀dọ̀ dókítà gan-an ni iṣẹ́ wà. "Kí ló ń ṣe yín?" Ọ̀pọ̀ á dáhùn pé, "Dókítà, ibà ni." Ibà tí àwa ń pè sì fẹ̀ ju èyí tí ẹ̀fọn ń fà lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni jẹ̀díjẹ̀dí: ẹnì kan ń sọ ti ìdí tó yọ, ẹlòmíràn ń sọ ti ìgbẹ́ tó lẹ́jẹ̀. "Àyà mi ń já" lè jẹ́ ọkàn tó ń sáré, ó sì lè jẹ́ ẹ̀rù lásán. Ohun tí ara ń ṣe ni kí aláìsàn sọ, kó fi orúkọ àrùn sílẹ̀ fún dókítà: "Láti ọjọ́ Ajé ni orí ti ń fọ́ mi. Tílẹ̀ bá ti ń ṣú, òtútù á mú mi, màá máa gbọ̀n, òógùn á wá bò mí." Gbólóhùn méjì yìí níyì ju "ibà ni" lọ fíìfíì.

Kó kó gbogbo oògùn tó ń lò sínú ọ̀rá dání, kó sì dárúkọ àgbo pẹ̀lú. Ó máa ń dùn mí pé àwọn èèyàn ń fi àgbo pamọ́ torí ìbẹ̀rù ìbáwí. Àgbo tó ń dín ṣúgà kù àti oògùn àtọ̀gbẹ lè jọ fa ṣúgà wálẹ̀ débi tí èèyàn á fi dákú.

Lẹ́yìn ìbéèrè, dókítà á yẹ ara wò: á fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ láti mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ tó lára, á gbọ́ èémí láti ẹ̀yìn, á tẹ ikùn. Obìnrin lè ní kí nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀.

Bí wọ́n bá ní kó lọ ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ti ibà kì í pẹ́. Ti ṣúgà àfẹ̀mọ́júmọ́ ni kò gbọdọ̀ jẹun fún wákàtí 8 ṣáájú. Omi lásán kò ṣèdíwọ́.

Kó tó kúrò níwájú dókítà, kó bèèrè ìgbà mélòó lójúmọ́ tí yóò lo oògùn kọ̀ọ̀kan, àti bóyá ṣáájú oúnjẹ ni. Wọ́n á kọ ọjọ́ tí yóò padà wá fún un. Bí oògùn ìfúnpá bá fẹ́ tán ṣáájú ọjọ́ náà, kó má dúró dè é. Kó tètè padà lọ.