Ọrun tó le jù kọ́ ló dára jù: bó ṣe yẹ kí ìdíje ọ̀rẹ́ rí láàrin àwọn tó ń gbẹ́ ọrun

Ẹ kó èèyàn márùn-ún tó ń fi igi gbẹ́ ọrun jọ sábẹ́ igi kan n'Íbàdàn, kí ẹ ní kí wọ́n díje. Kò ní pẹ́ tí ẹnì kan á fi na tirẹ̀ sí ẹlòmíràn: "Gbà, fà á wò." Bí onítọ̀hún bá fà á tì, tí ọwọ́ rẹ̀ kò dé ẹ̀rẹ̀kẹ́, ariwo á sọ, wọ́n á ní ọrun yẹn ló gbégbá orókè. Ohun tí wọ́n gbà gbọ́ ni pé ọrun tó bá le jù ló dára jù, pé ẹni tó gbẹ́ ẹ ló sì mọṣẹ́ jù. Ìgbàgbọ́ òdì yìí ti ba ọ̀pọ̀ ìdíje jẹ́, ó sì ti ba ọ̀pọ̀ igi rere jẹ́.

Òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀, a ò ní fi pamọ́. Bí ọrun méjì bá jọra délẹ̀délẹ̀, tí ọ̀kan kàn le ju èkejì lọ, tí a sì fi ọfà kan náà ta wọ́n, èyí tó le ni ọfà rẹ̀ á yá jù. Ṣùgbọ́n ọrun tí ọwọ́ méjì gbẹ́ kì í jọra délẹ̀. Líle kì í sì í ṣe ẹ̀rí ọgbọ́n ọwọ́, nítorí kò sí ohun tó rọrùn bíi kéèyàn fi igi sílẹ̀ kó nípọn.

Ìṣirò rẹ̀ rèé. Bí ẹ bá sọ fífẹ̀ apá ọrun, ìyẹn igi tó wà lókè àti nísàlẹ̀ ibi ìdìmú, di ìlọ́po méjì, líle rẹ̀ á di ìlọ́po méjì. Bí ó bá jẹ́ nínípọn rẹ̀ lẹ sọ di ìlọ́po méjì, líle rẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́jọ. Ẹ mú ọrun tí apá rẹ̀ nípọn tó mìlímítà 12, kí ẹ fá mìlímítà kan péré kúrò lára apá méjèèjì: bí agbára tí wọ́n fi ń fà á bá jẹ́ kílò 24 tẹ́lẹ̀, á wálẹ̀ sí bíi kílò 18 àbọ̀. Mìlímítà kan! Ẹni tó ń yangàn pé ọrun òun le, kò sọ ohun mìíràn fún wa ju pé òun kò fá mìlímítà yẹn.

Ibi tí ìgbàgbọ́ náà ti ṣẹ̀ kò farasin. Ogun ni. Ìlú jagunjagun ni Ìbàdàn, etí wa sì ti mọ́ ìtàn akọni tó ní ohun ìjà tí ẹlòmíràn kò lè gbé. Lókè òkun náà bẹ́ẹ̀ ló rí. Nínú ẹrù Mary Rose, ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó rì ní 1545, tí wọ́n sì gbé ara rẹ̀ jáde nínú òkun ní 1982, ọrun tó lé ní 130 ni wọ́n bá. Àwọn tó yẹ̀ wọ́n wò fojú díwọ̀n ìfà wọn sí pọ́ùn 100 sí 185, ìyẹn bíi kílò 45 sí 84. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ gbẹ́ wọn ni kí wọ́n gbé ọfà wíwúwo lu ẹni tó wọ ẹ̀wù irin. Ọdẹ tó ń lo ọfà olóró kò nílò irú ọrun bẹ́ẹ̀: oró ló ń pa ẹran, ọrun kàn ní láti mú ọfà wọ awọ ni.

Ohun tí ọrun ń ṣe ni pé ó ń gba agbára lọ́wọ́ ẹni tó fà á, ó sì ń gbé e fún ọfà. Kílò tí ẹ kà nígbà tí ọwọ́ dé ẹ̀rẹ̀kẹ́ kò sọ gbogbo èyí fún yín. Ká ní ọrun méjì wà, tí ìfà méjèèjì jẹ́ kílò 18 nígbà tí wọ́n bá fa ọsán, ìyẹn okùn ọrun, jìnnà sí ibi ìdìmú tó íńṣì 28. Ẹ fi síkéèlì àsokọ́ kọ́ ọsán wọn, kí ẹ máa fà á díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì máa kọ ohun tó bá kà ní íńṣì 12, 16, 20, 24 àti 28. Ti àkọ́kọ́ lè jẹ́ 5, 8, 11.5, 14.5, 18. Ti èkejì lè jẹ́ 3.5, 6, 9, 12.5, 18. Ẹ ro wọ́n pọ̀: 57 àti 49. Lójú ẹni tó wo kílò ìparí nìkan, ọgbọọgba ni wọ́n. Ṣùgbọ́n àkọ́kọ́ ti gba agbára pamọ́ tó fi bí ìdá kan nínú mẹ́fà ju ti èkejì lọ.

Ohun tó sábà ń fa irú ìyàtọ̀ yìí ni kí apá ọrun tẹ̀ kó má nà padà mọ́. Ẹ tú ọsán, kí ẹ fi ẹ̀yìn ọrun, ìyẹn ojú tó máa ń kọ sí ohun tí a fẹ́ ta, ti ògiri tó tẹ́jú, kí ibi ìdìmú kan ògiri. Ẹ wọn àlàfo tó wà láàrin ṣóńṣó kọ̀ọ̀kan àti ògiri. Sẹ̀ǹtímítà 2 àbọ̀ tàbí kí ó má tó bẹ́ẹ̀: iṣẹ́ rere. Bí ó bá kọjá 7, ojú inú ọrun, èyí tó kọ sí ẹni tó ń ta, ti rún. Ẹ wò ó dáadáa nínú oòrùn, ẹ lè rí ìlà tín-ín-rín tó dábùú igi. Ọrun yẹn kò ní padà sípò, bó ti wù kó le tó.

Ohun mẹ́ta ló ń fà á: apá tó tín-ín-rín jù fún kílò tí a ń wá, ìfà tó jìnnà kí apá méjèèjì tó tẹ̀ dọ́gba, àti omi inú igi. Ti omi yìí ló yẹ kí ará Ìbàdàn fojú sí jù. Pákó tí ẹ bá rà ní Bódìjà lásìkò òjò, ó ṣeé ṣe kí omi ṣì pọ̀ nínú rẹ̀. Igi tó ní omi kì í tètè ṣẹ́, èyí ló ń tan èèyàn jẹ, ṣùgbọ́n á tẹ̀, kò ní padà. Tí ọyẹ́ bá sì gbẹ igi jù, ọfà rẹ̀ á yá títí di ọjọ́ tó bá ṣẹ́ sí méjì lójijì. Ẹ gbé igi sórí síkéèlì lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ kọ ìwọ̀n rẹ̀ sí ara rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tí ìwọ̀n náà kò bá wálẹ̀ mọ́ ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́. Bí gbogbo olùdíje bá ń kó igi wọn pa mọ́ sínú yàrá kan náà, ìyẹn ló dára jù.

Ohun kejì tó ń jí agbára ọrun wà ní ṣóńṣó. Ibẹ̀ ló ń rìn jìnnà jù, tó sì ń sáré jù nígbà tí ọsán bá padà, nítorí náà igi tó bá pọ̀ níbẹ̀ ń jẹ agbára tó yẹ kí ọfà gbà. Láti sẹ̀ǹtímítà 15 tó kẹ́yìn, ẹ máa dín fífẹ̀ apá kù títí á fi di mìlímítà 12 ní orí. Ibi ìdìmú kì í rìn, ẹ jẹ́ kó nípọn bó ṣe wù yín. Ẹni tó ń wá líle kì í fẹ́ fá ṣóńṣó rárá, ìdí nìyẹn tí ọrun kílò 30 kan fi lè ta ọfà bí ẹni tó ń ju òkò.

Nígbà náà, báwo ni kí ìdíje ọ̀rẹ́ ṣe rí? Ẹ fi òfin lé kílò. Kí ìfà gbogbo ọrun wà láàrin kílò 17 sí 18 ní íńṣì 28. Òfin kékeré yìí nìkan ti dán ọwọ́ wò ju gbogbo ariwo "fà á wò" lọ, nítorí ẹni tí kò ní sùúrù á fá kọjá, ọrun rẹ̀ á di kílò 15 kó tó mọ̀. Ìmọ̀ràn wa: bí ó bá ti kù díẹ̀ kí ìfà kílò 18 dé íńṣì 28, ẹ gbé fáìlì sílẹ̀, kí ẹ mú sáńpépà. Bí ẹ ṣe ń dán an, tí ẹ sì ń ta ọfà bí ọgọ́rùn-ún àkọ́kọ́, yóò yọ ìyókù fúnra rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń wá kí apá méjèèjì tẹ̀ dọ́gba, ẹ má ṣe fà á kọjá kílò 18 láéláé, bí ìfà kò tilẹ̀ tíì ju íńṣì 10 lọ. Nígbàkígbà tí ẹ bá fá a tán, ẹ fà á ní ìgbà 30 kí igi lè mọ̀ pé ẹ ti yọ nǹkan lára òun. Bí ẹ bá rí i pé ibì kan kò tẹ̀, ẹ dúró níbẹ̀, ẹ má fi íńṣì kan kún ìfà títí ibẹ̀ á fi tẹ̀.

Kí igi jẹ́ bákan náà. Ọparun láti inú ìdí kan náà ló rọrùn jù láti pín, eèpo rẹ̀ ni kó jẹ́ ẹ̀yìn ọrun, ẹ má fá a. Bí ó bá jẹ́ pákó, ẹ ṣọ́ra fún ìrókò: ó lẹ́wà, ṣùgbọ́n iṣan igi rẹ̀ sábà máa ń lọ́ mọ́ra, ibi tí iṣan bá ti yà jáde ní ẹ̀yìn ọrun ló ti ń ṣẹ́. Arère rọ̀ jù, inú rẹ̀ á rún. Ẹ fi àdá la ègé kékeré kan wò: bí ó bá là ní ìlà tó tọ́, ẹ rà á. Bí orúkọ igi kan bá ń di àríyànjiyàn, Ilé Ìwádìí Igbó ti Nàìjíríà wà nítòsí ní Jẹ́ríkò. Gígùn ọrun kò gbọ́dọ̀ dín ní sẹ̀ǹtímítà 172 fún ìfà íńṣì 28.

Ọfà kan náà ni kí gbogbo wọn ta, kó wọn gíráàmù 26 lórí síkéèlì kékeré tí àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà ń lò. Ẹni tó bá yọ́ ọfà fífúyẹ́ wọlé ń fi ọrun rẹ̀ wewu: ọfà tó fúyẹ́ jù kò yàtọ̀ púpọ̀ sí kéèyàn fa ọsán tú sílẹ̀ láìsí ọfà, èyí tó ń fọ́ ọrun.

Ẹ kò nílò ẹ̀rọ olówó ńlá láti mọ bí ọfà ṣe yá tó. Ẹ fi àkísà kún àpò ìrẹsì, kí ẹ gbé e sí mítà 20. Ẹ gbé fóònù sílẹ̀ ní ìdajì ọ̀nà, kó wà ní mítà méjì sí ẹ̀gbẹ́, kó máa gba ohùn sílẹ̀. Nítorí pé ó jìnnà bákan náà sí ọsán àti sí àpò, ohùn méjèèjì pẹ́ bákan náà kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò sí ohun tí ẹ máa yọ. Ẹ wo àlàfo láàrin ìró ọsán àti ìró àpò. Ìṣẹ́jú-àáyá 0.43 túmọ̀ sí mítà 46 àbọ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, 0.40 jẹ́ mítà 50. Kí ẹnì kan náà ta gbogbo ọrun, ọfà márùn-ún márùn-ún, kí ẹ mú ìpíndọ́gba. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ lọ wọn àlàfo ara ògiri. Bí ẹni méjì bá bára dọ́gba, kí ọrun tó fúyẹ́ jù lọ́wọ́ gbà á.

Ẹ lè ṣe ìpele mìíràn tí ó jẹ́ àdá nìkan, kò sí fáìlì, kò sí sáńpépà. Èyí lárinrin gan-an, àṣìṣe á sì pọ̀ níbẹ̀. Ìdíje jíjìnnà náà dùn, ṣùgbọ́n ọrun kílò 18 lè gbé ọfà kọjá mítà 150, nítorí náà bí ẹ kò bá ní pápá gbalasa tó tó mítà 300 tí ẹnikẹ́ni kì í gbà kọjá, ẹ má dán an wò láàrin ìgboro.

Àwọn àgbà ní ọsán já, ọrun dọ̀pá. Bí ọrun ẹnì kan bá ṣẹ́ lójú ìdíje, ẹ má jẹ́ kó gbé e jù. Ẹ tẹ́ ẹ sórí tábìlì pẹ̀lú àwọn tó kù. Bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá fà ya gbọọrọ, tó ní ẹ̀gún igi gígùn, iṣan ló yà jáde tàbí kí igi náà ti gbẹ jù. Bí inú bá rún kí ẹ̀yìn tó já, ibẹ̀ ló tín-ín-rín jù, gbogbo títẹ̀ ti kó ara jọ sí ojú kan. Kí ẹni tó ni ín fi bírò kọ nínípọn ibẹ̀ ní mìlímítà sí ara igi náà, àti nínípọn sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá sókè àti mẹ́wàá sísàlẹ̀, kí gbogbo olùdíje tó tú ká.