Géèmù àtijọ́ nínú ẹ̀rọ ìgbàlódé: iṣẹ́ tí emulator ń ṣe

Ẹ jẹ́ ká ti orí fóònù bẹ̀rẹ̀. Àìmọye ọmọkùnrin ní Ìbàdàn níbí, àtàwọn tó ti di bàbá ọmọ pàápàá, ló ní PPSSPP lórí fóònù, ọ́n á gba fáìlì géèmù bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ọ̀rẹ́, ọ́n á wọ Micra ní Challenge, ọ́n á máa gbá a títí dé Ìwó Road, dírẹ́bà á bèèrè owó títí wọn ò ní gbọ́. Tẹ́ ẹ bá wá bi wọ́n pé kí ni PPSSPP, ọ́n á ní géèmù ni. Irọ́ ni o, géèmù kọ́. PSP ni ẹ̀rọ géèmù àfọwọ́mú tí Sony gbé jáde ní Japan ní December 2004, síídì kékeré kan tí wọ́n há mọ́nú ike, UMD, ló ń lò. Fóònù yín ò níbi tẹ́ ẹ máa ki UMD bọ̀, ṣíìpù inú ẹ̀ ò sì bá ti PSP tan rárá. Àmọ́ géèmù bọ́ọ̀lù yẹn ò mọ̀. PPSSPP ti tàn án pé inú PSP ló wà, gbogbo nǹkan tó bá bèèrè ló ń fún un bí PSP ì bá ṣe fún un. Ohun tó ń jẹ́ emulator nìyẹn, sọ́fútíwià tó ń ṣe bí ẹni pé ẹ̀rọ míì lòun, tí géèmù tí wọ́n kọ fún ẹ̀rọ yẹn á fi gbà pé ilé lòun wà.

Àwọn géèmù àfọwọ́mú tó gbòde báyìí, Anbernic, Miyoo, Retroid, gbogbo wọn ló ń ti China wá, nǹkan kan náà ni wọ́n ń ṣe, àfi pé tiwọn ní bọ́tìnnì gidi lára, WhatsApp ò sì ní yọjú nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbá pẹnárítì. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá dé ọjà Queen Cinema lónìí tẹ́ ẹ ní géèmù àfọwọ́mú lẹ fẹ́, 400-in-1 lọ́n máa kọ́kọ́ nà sí yín. "Bọ̀ọ̀dá mi, irínwó géèmù ló wà nínú ẹ̀ o, kò séyìí tẹ́ ẹ fẹ́ tí ò sí níbẹ̀." Ẹni tó ń ta Anbernic níwájú díẹ̀ náà á sọ gbólóhùn yẹn gẹ́lẹ́, ó kàn máa sọ irínwó di ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ni, owó àwọn méjèèjì ò sì sún mọ́ra. Témi bá ní kí n sọ ọ́, iye géèmù yẹn gan-an lohun tí ò yẹ kẹ́ ẹ fetí sí. Ohun tó wà nínú ẹ̀ ni kẹ́ ẹ bèèrè.

Ìdí ni pé géèmù kọ̀ọ̀kan, àṣẹ ni wọ́n tò jọ fún ṣíìpù kan pàtó, èdè ṣíìpù yẹn ni wọ́n sì fi kọ ọ́. Nintendo gbé Famicom jáde ní 1983, òun náà ni wọ́n ń pè ní NES ní Amẹ́ríkà. Ìyára ṣíìpù ẹ̀ ò pé 1.8 MHz, mẹ́mórì tó fi ń ṣiṣẹ́ ò sì ju 2 KB lọ. Ọ̀rọ̀ tí mo ti kọ látòkè dé ibí yìí ò lè wọnú 2 KB yẹn tán o, ibẹ̀ ni Mario ń gbé tó ti ń fò kiri. Sega wá gbé Mega Drive jáde ní 1988, Motorola 68000 ló wà nínú ẹ̀, bíi 7.6 MHz. PlayStation àkọ́kọ́ jáde ní December 1994, irú ṣíìpù tí wọ́n ń pè ní MIPS ló lò, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 34 MHz, mẹ́mórì ẹ̀ jẹ́ 2 MB. Ti fóònù yín àti ti Anbernic, ARM ni. Àṣẹ tó yé MIPS, ARM ò gbọ́ ọ, ti Famicom ò sì yé ìkankan nínú wọn.

Ibẹ̀ ni emulator ti ń ṣe ògbufọ̀. Ẹ ti rí i níbi ìsọjí rí, òyìnbó á wàásù, ògbufọ̀ á dúró tì í, gbólóhùn kan lòyìnbó máa sọ àmọ́ ògbufọ̀ á gbọ́ ọ, á rò ó, á wá sọ ọ́ ní Yorùbá, kó tó parí òyìnbó ti sọ òmíì. Ìdí nìyẹn tí ṣíìpù tó ń ṣògbufọ̀ fi gbọ́dọ̀ lágbára ju ti ẹ̀rọ àtijọ́ yẹn ní ìlọ́po-ìlọ́po. Ti emulator tiẹ̀ tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí kì í ṣe ọ̀rọ̀ oníwàásù nìkan ló ń tú, onílù àti akọrin náà ń bẹ níbẹ̀. Nínú Famicom, ṣíìpù tó ń ya àwòrán yàtọ̀ sí èyí tó ń ṣírò, apá tó ń gbé ohùn jáde náà ń ṣe tiẹ̀, páádì ń ṣe tiẹ̀, emulator sì gbọ́dọ̀ ṣe bíi gbogbo wọn pa pọ̀ kí ọ̀kan má ṣíwájú èkejì. Àwòrán bíi 60 ló ń jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tó túmọ̀ sí pé kò ní ju nǹkan bíi mílísẹ́kọ́ǹdù 16.7 lọ láti parí iṣẹ́ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí kò bá bá a, etí yín ló máa kọ́kọ́ mọ̀, orin á máa fà, á máa já, kí ojú tó rí i pé ẹni tó ń sáré ń lọ jẹ́jẹ́.

Ògbufọ̀ tó bá gbọ́n wá ní ọgbọ́n kan. Tí òyìnbó bá ń pe ègbè kan náà ní àpètúnpè, kò ní máa rò ó lákọ̀tun, á ti ní Yorùbá ẹ̀ nílẹ̀. Ohun táwọn tó ń kọ emulator ń pè ní dynarec nìyẹn, emulator á tú apá àṣẹ kan sí ARM lẹ́ẹ̀kan, á tọ́jú ẹ̀, nígbà tí géèmù bá tún débẹ̀ á kàn lo èyí tó ti tú. Ọgbọ́n yìí ló wà nínú PCSX ReARMed, emulator PlayStation àkọ́kọ́, tẹ́ ẹ fi ń rí i tí ẹ̀rọ kékeré tí ò lágbára púpọ̀ ń ṣe géèmù ìjà Tekken 3 láìkọsẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká tú 400-in-1 yẹn wò. Síkúrú díẹ̀ ni, ẹ kọ́kọ́ ṣí ìdérí ẹ̀yìn, bátìrì tẹ́ ẹ máa rí níbẹ̀ á ti mọ́ yín lójú, irú BL-5C ti Nokia oní-tọ́ọ̀ṣì ni. Tẹ́ ẹ bá tú ike yòókù, ẹ máa rí pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan, sípíkà kékeré, rọ́bà péńpé tó wà lábẹ́ bọ́tìnnì, àti wáyà pẹlẹbẹ tó lọ sójú ẹ̀. Láàárín pátákó yẹn, ike dúdú kan wà tí wọ́n yọ́ tí wọ́n kán lé nǹkan lórí, ó ń dán, kò lórúkọ, kò ní nọ́ńbà. Abẹ́ ẹ̀ ni ṣíìpù wà. Kò sí ARM níbẹ̀, kò sí emulator, kò sógbufọ̀ kankan. Ọ́n ṣe àdàkọ Famicom fúnra ẹ̀ ni, gbogbo àwọn ṣíìpù tí mo kà lókè yẹn ni wọ́n kó sínú ẹyọ kan ṣoṣo, ìran kan náà sì ni pẹ̀lú àwọn géèmù tẹlifíṣọ̀n tá à ń ki kásẹ́ẹ̀tì bọ̀ nígbà kan, tá a máa ń fẹ́ atẹ́gùn sídìí kásẹ́ẹ̀tì ẹ̀. Ṣíìpù yìí gbọ́ èdè Famicom torí èdè abínibí ẹ̀ ni, ibẹ̀ náà ló sì mọ. Kò sí bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ fi géèmù Mega Drive sí i, ká má tíì wá sọ ti PlayStation. Irínwó tí wọ́n sì ń sọ yẹn, ẹ fara balẹ̀ yí i wò dáadáa, ẹ máa bá géèmù kan náà pàdé lábẹ́ orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, òmíì á kàn bẹ̀rẹ̀ láti ipele kẹta.

Mi ò ní kẹ́ ẹ má rà á o. Tó bá jẹ́ pé ọmọ ọdún mẹ́fà ló fẹ́ ẹ, tí màmá ẹ̀ ò fẹ́ kó máa jí fóònù òun gbé, ó tó bẹ́ẹ̀. Bátìrì ẹ̀ wà káàkiri, tó bá sì já bọ́ lórí táìsì ẹ ò ní sunkún. Kẹ́ ẹ má ṣáà rà á tán kẹ́ ẹ wá máa wá PlayStation nínú ẹ̀.

Àwọn tó ní emulator nínú lódodo, kọ̀ǹpútà kéékèèké ni wọ́n, Linux ló máa ń wà nínú èyí tówó ẹ̀ ò ga, Android nínú àwọn tó tóbi. Miyoo Mini ní ṣíìpù ARM oní-kọ́ọ̀ méjì (kọ́ọ̀ ni apá tó ń ṣírò nínú ṣíìpù) tó ń sáré 1.2 GHz, mẹ́mórì 128 MB, ojú ẹ̀ ò ju ínṣì 2.8 lọ. Anbernic RG35XX Plus lo ṣíìpù Allwinner H700, kọ́ọ̀ mẹ́rin, mẹ́mórì 1 GB. Famicom, Game Boy, Mega Drive, Super Nintendo, Game Boy Advance, PlayStation àkọ́kọ́, àwọn méjèèjì á ṣe é. Tó bá di PSP àti Dreamcast ti Sega, Miyoo Mini ti yọwọ́, RG35XX Plus á ṣe díẹ̀, á kọ díẹ̀. PS2, ìyẹn PlayStation kejì, ò sí nínú ọ̀rọ̀ wọn rárá. PS2 tó jáde ní 2000 ní ṣíìpù tó ń sáré bíi 294 MHz, èyí tí ò tiẹ̀ ní dẹ́rù bà yín tẹ́ ẹ bá gbọ́ ọ lásán, àmọ́ ọ̀pọ̀ nǹkan ló ń ṣe lẹ́ẹ̀kan náà nínú ẹ̀, Android tó lágbára bíi ti àwọn Retroid ńlá ló ń gbìyànjú ẹ̀. Ẹni tó bá wà ní Queen Cinema tó ní ẹ̀rọ olójú ínṣì 3.5 òun ń ṣe PS2, ẹ ní kó ṣe é lójú yín.

Ẹ má sì rò pé ọdún lẹ máa fi mọ èyí tó le o. Nintendo 64 ti jáde látọdún 1996, Game Boy Advance ò dé àfi 2001, síbẹ̀ Game Boy Advance ló rọrùn, torí ṣíìpù ARM 16.8 MHz ló wà nínú ẹ̀, àwòrán ẹ̀ ò sì le. Nintendo 64 ní apá tó ń ya àwòrán, àwọn tó ń ṣe géèmù sì lè pààrọ̀ àwọn àṣẹ kéékèèké tó ń darí apá yẹn fúnra wọn, ìyẹn ni pé géèmù kan lè máa bá a sọ̀rọ̀ lọ́nà tí géèmù kejì ò lò rí. Ó ń fún àwọn tó ń kọ emulator ní wàhálà dòní olónìí.

Nǹkan méjì kan wà tẹ́ ẹ máa bá pàdé nínú ẹ̀ tí ò sí nínú ẹ̀rọ àtijọ́. Ọ̀kan ni save state. Ẹ ti dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá tó wà lópin, bátìrì kù díẹ̀, ọ́n sì ti mú iná lọ láti àárọ̀, ẹ kàn tẹ bọ́tìnnì, gbogbo ẹ̀ á dúró síbi tó wà. Kò sí idán níbẹ̀. Ẹ̀rọ tí emulator ń ṣe bíi tiẹ̀, mẹ́mórì ẹ̀ àti ipò tí ṣíìpù ẹ̀ wà nìkan ló ní, emulator á wá da gbogbo ìyẹn kọ sínú fáìlì. Ti Famicom ò tó nǹkan, ti PlayStation ní 2 MB, àwòrán ní 1 MB tiẹ̀, ohùn ní 512 KB, mégábáìtì díẹ̀ náà ni. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́ ẹ máa sépù nínú géèmù fúnra ẹ̀ náà, torí tẹ́ ẹ bá pààrọ̀ emulator tàbí tẹ́ ẹ fi èyí tó tuntun rọ́pò ẹ̀, ó lè ní òun ò mọ save state àtijọ́ yẹn rí.

Ìkejì ni BIOS. PlayStation ní sọ́fútíwià kékeré kan lára, 512 KB, òun ló ń jí kó tó ka síídì. Ọ̀pọ̀ emulator ẹ̀ máa ń bèèrè fáìlì yẹn, tí kò bá sí, òmíì á kàn dúdú lójú yín. PPSSPP ò bèèrè BIOS kankan torí àwọn tó kọ ọ́ ti kọ iṣẹ́ tí sọ́fútíwià PSP ń ṣe fúnra wọn.

Lórí òfin, mi ò ní purọ́ fún yín. Emulator fúnra ẹ̀ ò lẹ́ṣẹ̀. Sony gbé ilé iṣẹ́ Connectix lọ sí kóòtù ní 1999 torí emulator PlayStation tí wọ́n ṣe fún kọ̀ǹpútà Apple, kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Amẹ́ríkà dá Connectix láre ní 2000. Àmọ́ géèmù àti BIOS ní olówó wọn, ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá géèmù tó wà nínú káàdì mẹ́mórì tó ń bá Anbernic yẹn wá, kò sẹ́ni tó sanwó fún un. Nintendo ò sì ń fojú fo nǹkan báyìí, àwọn tó ṣe Yuzu, emulator ẹ̀rọ géèmù Nintendo tó ń jẹ́ Switch, gbà láti san mílíọ̀nù 2.4 dọ́là ní 2024, ọ̀rọ̀ ọgbọ́n tí wọ́n fi ń já kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ti géèmù ló dá ìyẹn sílẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ti pinnu láti rà á, ẹ bèèrè orúkọ ṣíìpù ẹ̀ àti iye mẹ́mórì. Tí olùtajà ò bá mọ̀ ọ́n, ẹ wò ó lára páálí, tí kò bá sí lára páálí, ẹ ti mọ ohun tẹ́ ẹ dì mú nìyẹn. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ bóyá ojú káàdì wà níbẹ̀, torí káàdì tó máa ń bá a wá kì í tọ́jọ́, ẹ máa nílò láti da gbogbo ẹ̀ kọ sórí káàdì gidi kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sépù nǹkan. Lẹ́yìn náà, ẹ má jẹ́ kó fi Mario dán an wò fún yín, Mario ò le fún ìkankan nínú wọn. Ẹ ní kó fi géèmù PlayStation tí wọ́n ti ń ja ìjà sí i, ẹ gbé e sétí nínú ariwo jẹnẹrétọ̀ Queen Cinema yẹn, tí orin ẹ̀ bá ń já, ẹ dá a padà fún un, kẹ́ ẹ ní ẹ fẹ́ lọ gba owó nídìí ATM.