Ẹ̀tọ́ epo abẹ́ ilẹ̀ tí a jogún ní Amẹ́ríkà: ṣé ká tà á ni, àbí ká fi í sílẹ̀?

Bí wọ́n bá rí epo rọ̀bì lábẹ́ ilẹ̀ ìdílé kan ní Ìlàjẹ lónìí, àwọn ọmọ onílẹ̀ kò lè jogún epo náà. Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999, abala 44, sọ ọ́ gbangba pé ìjọba àpapọ̀ ló ni epo, gáàsì àti gbogbo ohun àlùmọ́nì abẹ́ ilẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń ya àwọn èèyàn wa lẹ́nu bí wọ́n bá gbọ́ pé ní Amẹ́ríkà, ọmọ lè jogún epo tó ṣì wà nínú ilẹ̀, kó máa gbowó lórí rẹ̀, kó sì tà á bó bá wù ú. Ẹni tó bá fẹ́ ọmọ onílẹ̀ ní Texas, tàbí tí òbí rẹ̀ ra oko níbẹ̀, lè bá ọ̀rọ̀ yìí pàdé lọ́jọ́ kan.

Mineral rights ni wọ́n ń pe ẹ̀tọ́ náà. Ní Texas, Oklahoma, North Dakota àti ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ mìíràn, ẹnì kan lè ni ojú ilẹ̀, kí ẹlòmíràn ni ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Bàbá àgbà lè ti ta oko rẹ̀ ní ọdún 1950, kó sì kọ ọ́ sínú ìwé pé òun kò ta ti abẹ́ ilẹ̀ mọ́ ọn. Ilé ti kún ibẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rẹ̀ ló ṣì ni epo ìsàlẹ̀.

Ẹni tó ni ẹ̀tọ́ kì í wa epo fúnra rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ epo ló ń wá bá a, wọ́n á sì jọ tọwọ́ bọ ìwé líìsì, ìyẹn ìwé tí ẹ fi yá ilé-iṣẹ́ náà ní ẹ̀tọ́ láti wa epo. Owó kan á kọ́kọ́ wọlé, iye kan lórí éékà kọ̀ọ̀kan, ilé-iṣẹ́ náà á sì ní àkókò, ó sábà máa ń jẹ́ ọdún mẹ́ta, láti gbẹ́ kànga. Bí epo bá jáde, líìsì náà kò ní parí níwọ̀n ìgbà tí epo bá ṣì ń wá. Láti ìgbà náà lọ ni owó royalty ń wọlé, bí ìṣákọ́lẹ̀ tí àgbẹ̀ ń san fún onílẹ̀: àgbẹ̀ ló náwó, òun ló ṣiṣẹ́, onílẹ̀ gba ìpín tirẹ̀. Láyé àtijọ́, ìdá kan nínú mẹ́jọ ni wọ́n ń san. Ní Texas lónìí, ìdá kan nínú márùn-ún tàbí nínú mẹ́rin kò ṣọ̀wọ́n mọ́.

Ẹ jẹ́ ká fi owó ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní éékà 10 ló kàn yín nínú ogún, tí ilé-iṣẹ́ sì kó éékà 640 pọ̀ fún kànga kan, tí royalty yín sì jẹ́ ìdá 20 nínú 100. Ẹ ó fi 640 pín 10, ẹ ó wá mú ìdá 20 nínú 100 èsì rẹ̀: 0.003125 ni. Nọ́ńbà yìí gan-an ni ẹ ó rí nínú ìwé tí wọ́n ń pè ní division order, òun náà ni yóò sì máa wà lórí ìwé owó yín lóṣooṣù. Bí kànga náà bá ta epo mílíọ̀nù kan dọ́là lóṣù kan, dọ́là 3,125 ló kàn yín. Ìpínlẹ̀ Texas á mú ìdá 4.6 nínú 100 gẹ́gẹ́ bí owó orí epo, yóò ku bíi dọ́là 2,981. Bí líìsì bá gba ilé-iṣẹ́ láyè, wọ́n tún lè yọ owó tí wọ́n fi gbé epo lọ sọ́jà. Ti ìjọba àpapọ̀ ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ẹ má wá rò pé bẹ́ẹ̀ ni owó yẹn á ṣe máa wọlé títí. Àwọn kànga tí wọ́n ń fi omi àti iyanrìn fọ́ òkúta nísàlẹ̀ rẹ̀, irú èyí tó pọ̀ ní Permian Basin ní ìwọ̀-oòrùn Texas, máa ń tú epo jáde gan-an ní oṣù àkọ́kọ́. Kó tó pé ọdún kan, ó sábà máa ń ti dín ju ìlàjì lọ. Iye epo fúnra rẹ̀ kò sì dúró sójú kan. Ní ọjọ́ 20, oṣù kẹrin, ọdún 2020, owó àgbá kan já wálẹ̀ kọjá òdo ní ọjà Amẹ́ríkà, débi pé ẹni tó ń ta epo ló ń san dọ́là 37.63 fún ẹni tó máa bá a gbé e.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń wọ́ ni lẹ́tà. Kò pẹ́ tí orúkọ àwọn ajogún bá ti wọ ìwé kaúńtì, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ wọn níbẹ̀, tí àwọn tó ń ra ẹ̀tọ́ epo á ti máa kọ̀wé sí wọn. Ẹ ka ìwé tí wọ́n so mọ́ lẹ́tà náà dáadáa. Bí àkọlé rẹ̀ bá jẹ́ lease, wọ́n fẹ́ yá a ni. Bó bá jẹ́ mineral deed tàbí royalty deed, títà pátápátá ni, kò sí bíbọ̀ ẹ̀yìn. Ohun tó dà bíi ṣẹ́ẹ̀kì nínú àpòòwé náà sì sábà máa ń jẹ́ draft: ẹni tó ń rà á gba ọgbọ̀n ọjọ́ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láti yẹ ìwé yín wò, bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, kò ní sanwó. Ẹ̀yin sì ti fọwọ́ sí tiyín.

Ẹ kọ́kọ́ wádìí ìdí tí lẹ́tà náà fi dé lásìkò yìí. Ní Texas, Railroad Commission ló ń bójú tó kànga epo, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkọ̀ ojú irin ni orúkọ rẹ̀ ń pè. Orí ìkànnì wọn ni ẹ ti lè wo ẹni tó tọrọ àyè láti gbẹ́ kànga nítòsí ilẹ̀ yín, àti iye epo tí kànga kọ̀ọ̀kan mú jáde lóṣooṣù, láìsan kọ́bọ̀. Bí ìwé ìtọrọ àyè tuntun bá wà níbẹ̀, ẹni tó kọ lẹ́tà ti rí i ṣáájú yín.

Èrò tèmi ni pé kí ẹnikẹ́ni má ta ẹ̀tọ́ tí kò tíì mọ iye éékà rẹ̀. Bí kànga kò bá tíì sí rárá, fífi í sílẹ̀ kò sábà náni ní nǹkan kan ní Texas, nítorí èyí tó ń mú epo jáde ni wọ́n ń gba owó orí dúkìá lé lórí. Ilẹ̀ Permian tún ní ìpele òkúta lórí ara wọn, bíi Wolfcamp àti Bone Spring. Wọ́n lè ti gbẹ́ ọ̀kan, kí ìyókù ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá fi owó tó wọlé lọ́dún tó kọjá díye lé e kò ka èyí tí wọn kò tíì gbẹ́ kún un. Ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ kò jọra: ní Louisiana, bí ọdún 10 bá kọjá láìlo ẹ̀tọ́ náà, ó padà sọ́wọ́ onílẹ̀, ní North Dakota, lẹ́yìn ọdún 20 láìlò, tí ẹ kò sì fi ìwé sílẹ̀ ní kaúńtì, onílẹ̀ lè gbé ìgbésẹ̀ láti gbà á.

Owó orí ló máa ń mú títà dára nígbà mìíràn. Iye tí ẹ̀tọ́ náà tó lọ́jọ́ tí olóògbé kú ni ìjọba máa kà sí iye tí ẹ rà á. Bó bá tó dọ́là 60,000 lọ́jọ́ náà, tí ẹ tà á ní 65,000, lórí èrè 5,000 nìkan ni ẹ ó san owó orí. Ká ní olóògbé fi ta yín lọ́rẹ nígbà tó wà láyé ni, iye tí òun fi rà á ni wọn ì bá lò. Owó royalty ní tirẹ̀, bí owó iṣẹ́ ni wọ́n ṣe ń gba owó orí lé e, àmọ́ wọ́n sábà máa ń jẹ́ kí ẹ yọ ìdá 15 nínú 100 fún epo tó ń tán lọ. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí kọ iye ọjọ́ ikú náà sílẹ̀ kíákíá, ì báà jẹ́ pé ẹ kò ní tà á.

Mo fara mọ́ títà bí kànga bá ti gbó tí kò sí àyè fún tuntun, tàbí bí àwọn ajogún bá ti pọ̀ débi pé ìpín ẹnì kọ̀ọ̀kan kò tó owó lọ́yà. Ogún tó wà ní ìpínlẹ̀ mẹ́ta sábà máa ń béèrè ètò kóòtù ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí àbúrò tó ń gbé ní Èkó bá wà nínú wọn, tí kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà, wọ́n máa ń yọ ìdá 30 nínú 100 royalty rẹ̀ sílẹ̀ àyàfi tó bá yan ọ̀nà ìsanwó orí mìíràn. Bó bá tà á, ẹni tó rà á á kọ́kọ́ mú ìdá 15 nínú 100 gbogbo owó náà fún ìjọba. Kò sì pọn dandan kó jẹ́ gbogbo rẹ̀ tàbí òfo. Ẹ lè ta ìlàjì, kí ẹ fi ìlàjì sílẹ̀.

Ohun tó yẹ kó ṣáájú gbogbo èyí ni kí ẹ yí orúkọ tó wà lórí ẹ̀tọ́ náà padà, láti ti olóògbé sí tiyín. Títí orúkọ yóò fi yí, ilé-iṣẹ́ epo kàn máa fi owó náà pamọ́ ni. Bó bá pẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò wá a, wọ́n á kó o fún ọ́fíìsì Comptroller, ìyẹn ẹni tó ń bójú tó owó ìpínlẹ̀ Texas. Ẹ lè tẹ orúkọ olóògbé sí ìkànnì wọn lónìí, ọ̀fẹ́ ni, kí ẹ wò ó bóyá owó rẹ̀ wà níbẹ̀.