Ajọ̀ Òkè-Mọ́sàn: bí orúkọ ṣe ń di kọmíṣánnà

Gbogbo ìgbà tí ìjọba tuntun bá gorí àléfà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ láti gáréèjì Ṣàgámù dé ìsọ̀ àwọn aláṣọ ní Ìjẹ̀bú-Òde: "Orúkọ ti jáde." Kò tíì sí ẹni tó fojú rí lẹ́tà kankan, ṣùgbọ́n wọ́n ti mọ iye tó kan Ìjẹ̀bú, wọ́n ti mọ iye tó kan Rẹ́mọ, wọ́n sì ti mọ ìlú tí wọ́n fò. Àwọn mìíràn ti lọ wo ẹran sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀, orúkọ tó jáde kò tíì di nǹkan kan.

Bí ètò náà ṣe bẹ̀rẹ̀ kò gba àlàyé púpọ̀. Abala 192 ìwé òfin 1999 ló ni ti kọmíṣánnà: gómìnà á kọ lẹ́tà sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin, Ilé á pe àwọn tí orúkọ wọn wà níbẹ̀, á fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò, á sì dìbò. Abala 147 ni ti mínísítà, Sẹ́nétì ní Àbújá ló ń ṣe tiwọn. Ẹni tó bá lè díje dupò aṣòfin ló lè jẹ́ kọmíṣánnà: ọmọ Nàìjíríà, tó ti pé ọmọ ọdún 25, tó sì kàwé dé ibi ìwé mẹ́wàá. 

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù, tó sì ń súni, ni pé Ilé Aṣòfin ló ń yan kọmíṣánnà. Ó jọ pé bí a ṣe ń fọba jẹ ló dà á rú mọ́ wa lójú. Ní Ìjẹ̀bú, ìdílé tí oyè kàn ló ń mú ọmọ oyè wá. Àwọn afọbajẹ á yẹ̀ wọ́n wò, wọ́n á mú ẹnì kan nínú wọn, kí ìjọba tó fọwọ́ sí i. Afọbajẹ lè ní ẹni mẹ́ta, mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ níwájú, tó lè fi wọ́n wé ara wọn. Ti Òkè-Mọ́sàn, ibùjókòó ìjọba Ògùn ní Abẹ́òkúta, kò rí bẹ́ẹ̀. Orúkọ kan, àga kan. Ilé lè ní bẹ́ẹ̀ ni, ó lè ní bẹ́ẹ̀ kọ́, kò lè ní "ẹ bá wa mú ọmọ Àgọ́-Ìwòyè wá dípò eléyìí." Bí wọ́n bá tilẹ̀ ní bẹ́ẹ̀ ni, orúkọ nìkan ni wọ́n fọwọ́ sí, gómìnà ló ṣì máa yan ẹni náà, kó tó búra. Ẹni tó bá ti Ilé jáde tó lọ ń dá aṣọ ẹbí, ó yá jù.

Ibi tí ọgbọ́n òfin yìí wà gan-an, ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà á débẹ̀. Gbólóhùn kékeré kan wà nísàlẹ̀ abala méjèèjì: bí Ilé bá ti gba orúkọ, tí ọjọ́ iṣẹ́ 21 sì kọjá tí kò fèsì, a ó kà á sí pé wọ́n ti yan ẹni náà. Ọjọ́ iṣẹ́ ni o. Sátidé, Sọ́ńdè àti ọjọ́ ọlidé kò sí nínú rẹ̀, ìyẹn ni pé ó lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ẹni tó kọ gbólóhùn yìí mọ̀ wá. Ó mọ̀ pé aṣòfin tó ń bínú sí gómìnà kò ní dìde kó ní òun kò gbà. Abẹ́ ìrọ̀rí ni yóò fi lẹ́tà sí, yóò máa ní àwọn ṣì ń wò ó. Òfin wá fún ìrọ̀rí náà lẹ́nu: tí lẹ́tà bá pẹ́ jù lábẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni lo sọ. Ẹni tó bá fẹ́ dínà mọ́ ènìyàn gbọ́dọ̀ jáde sí gbangba kó dínà.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, Ilé nìkan ni aago yìí mú, kò mú ẹni tó ń kọ lẹ́tà. Lọ́dún 2015, ààrẹ búra ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún. Ìparí oṣù kẹsàn-án ni lẹ́tà àkọ́kọ́ tó dé Sẹ́nétì, ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá sì ni àwọn mínísítà tó búra. Àtúnṣe òfin ọdún 2023 ló dí ihò yẹn: ọjọ́ 60 péré ni ààrẹ tàbí gómìnà ní láti fi orúkọ ránṣẹ́. Ọdún yẹn náà ni òfin ọ̀hún kọ́kọ́ mú ààrẹ. Ìjọba bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún, lẹ́tà àkọ́kọ́, tó ní orúkọ 28, sì dé ní ọjọ́ 27 oṣù keje. Ẹ kà á wò: ó ku ọjọ́ kan.

Kí ayẹ̀wò fúnra rẹ̀ tó yéni, ó dára kéèyàn dé ibi tí wọ́n ti ń yan gàrí Ìjẹ̀bú. Wọ́n á rin ẹ̀gẹ́, wọ́n á dà á sápò, wọ́n á fi jáàkì tẹ̀ ẹ́, wọ́n á sì jẹ́ kó lo ọjọ́ mélòó kan kó lè kan dáadáa. Nígbà tí wọ́n bá tú àpò, ohun tó wà nínú rẹ̀ ti gan bíi òkúta ẹfun. Wọ́n á fọwọ́ fọ́ ọ, wọ́n á dà á sórí ajọ̀, obìnrin tó jókòó tì í á máa fi àtẹ́lẹwọ́ rà á yíká. Èyí tó kúnná á bọ́ sínú ọpọ́n. Okùn inú ẹ̀gẹ́ àti èyí tí ẹ̀rọ kò rin jiná á kù sókè, ewúrẹ́ ló ni ìyẹn. Tí gàrí bá kúrò lórí iná, wọ́n á tún jọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Orúkọ kọmíṣánnà náà ń gba orí ajọ̀ méjì kọjá. Èkíní wà lọ́wọ́ àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ DSS àti ọlọ́pàá, tí wọ́n ń wò ó bóyá ẹjọ́ wà lọ́rùn ẹni náà tàbí bóyá ohun tó pe ara rẹ̀ ló jẹ́. Kò sí kámẹ́rà níbẹ̀, kò sí ìpàtẹ́wọ́. Èkejì ni ti Ilé, òun ni gbogbo ayé ń wò. Lọ́jọ́ náà, ẹni tó bá ń ti Ìjẹ̀bú-Òde bọ̀ á ti jí ní kùtùkùtù, á gba Ṣàgámù kó tó yà sí ọ̀nà Abẹ́òkúta. Bọ́ọ̀sì àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á tẹ̀ lé e, fìlà kan náà lórí gbogbo wọn bí ẹni ń lọ Ojúde Ọba. Aṣòfin 26 ló ní àga nínú Ilé. Wọ́n á ní kó sọ̀rọ̀ nípa ara rẹ̀. Á sọ ọdún tí wọ́n bí i, ilé ìwé tó lọ, ibi tó ti ṣiṣẹ́. Aṣòfin tó ń ṣojú agbègbè rẹ̀ á dìde, á ní ọmọlúàbí ni, òun mọ bàbá rẹ̀. Abẹnugan á bi Ilé, "Bẹ́ẹ̀ ni" á sọ, òòlù á dún. Ẹlòmíràn kò tilẹ̀ ní dáhùn ìbéèrè kan ṣoṣo. "Ẹ tẹríba, kí ẹ máa lọ." Ó parí.

Títẹríba yìí ni gbogbo ènìyàn ń bú. Àṣà ni, kò sí nínú ìwé òfin. Àwọn tó ti ṣe aṣòfin rí ni wọ́n sábà ń ṣe é fún, èrò tó sì wà nídìí rẹ̀ ni pé ẹni tí ará ìlú ti fi ìbò jọ̀ kò tún nílò ajọ̀ mìíràn. Èrò àtijọ́ ni. Nígbà tí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, ṣe olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn láti 1954 sí 1959, àárín àwọn aṣòfin fúnra wọn ni wọ́n ti ń mú mínísítà, kò sí pé ẹnì kan ń tẹríba fún ẹnì kan. Òfin 1979 ló ya agbo méjèèjì sọ́tọ̀. Lónìí, aṣòfin tó bá gba ipò mínísítà ti fi àga rẹ̀ nílé aṣòfin sílẹ̀ nìyẹn. Nítorí náà, àṣà yẹn kò burú tó bí wọ́n ṣe ń bú u. Ohun tó bà á jẹ́ ni pé ó ràn, tí ẹni tí kò díje dupò kankan rí náà ń tẹríba lọ, torí pé ó mọ àwọn tó wà lórí àga. Gàrí kì í bá ajọ̀ tan.

Ká tilẹ̀ ní kò sẹ́ni tó tẹríba mọ́, wàhálà ńlá ṣì wà níbẹ̀. Obìnrin tó ń jọ gàrí mọ̀ pé gàrí ló wà níwájú òun. Yorùbá kò tilẹ̀ pè é lórúkọ kan: à ń jọ gàrí, à ń ku èlùbọ́, à ń sẹ́ ògì. Ihò ajọ̀ gàrí tóbi ju ti kọ̀ǹkọ̀sọ̀ èlùbọ́ lọ, aṣọ ni wọ́n sì fi ń sẹ́ ògì. Da ògì sórí ajọ̀ gàrí, tòun tèérí ló máa dà lọ. Da gàrí sínú kọ̀ǹkọ̀sọ̀, lẹ́búlẹ́bú ló máa bọ́, gàrí tó dára á kù sókè bí ẹni pé pàǹtí ni. Ohun tí gómìnà àti ààrẹ ń fi ránṣẹ́ sí Ilé, àpò tí wọ́n dì lẹ́nu ni. Orúkọ wà lára rẹ̀, iṣẹ́ tí ẹni náà ń lọ ṣe kò sí níbẹ̀, òfin kò sì ní kó wà níbẹ̀. Báwo ni aṣòfin ṣe fẹ́ bi ènìyàn ní ọ̀rọ̀ ajílẹ̀ àti iye tí ẹ̀gẹ́ ń lọ, nígbà tó lè jẹ́ pé ilé ìwé ni wọ́n máa lọ fi ẹni náà ṣọ́? Ó kù kó bèèrè bàbá rẹ̀. Ti agbẹjọ́rò àgbà ìjọba nìkan ló yàtọ̀: òfin ní ó gbọ́dọ̀ ti lẹ́tọ̀ọ́ sí iṣẹ́ amòfin ní Nàìjíríà fún ọdún 10, torí náà tí amòfin àgbà kan bá wà nínú àwọn orúkọ náà, wọ́n á ti fojú díwọ̀n ibi tó ń lọ.

Àwọn tó fara mọ́ ọn ní èsì: bí wọ́n bá kọ iṣẹ́ sí i lónìí, gómìnà lè pààrọ̀ rẹ̀ lọ́la, agbára rẹ̀ ni. Òótọ́ ni. Ẹni tó ra gàrí náà lè fi tẹ ẹ̀bà, ó sì lè fomi mu ún. Ìyẹn kò ní kí wọ́n má jọ̀ ọ́ bí gàrí.

Àpẹẹrẹ kan wà nílé. Kẹ́mi Adéọ̀ṣun ṣe kọmíṣánnà ètò ìnáwó ní Ìpínlẹ̀ Ògùn láti 2011, ó sì di mínísítà ètò ìnáwó ní 2015. Ìyẹn ni pé ó kọjá ní Òkè-Mọ́sàn, ó tún kọjá ní Sẹ́nétì. Ọdún 2018 ni akọ̀ròyìn gbé ọ̀rọ̀ ìwé ìdásílẹ̀ rẹ̀ kúrò nínú iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ jáde, ó sì fipò sílẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, ó ní òun kò mọ̀ pé ìwé náà kì í ṣe ojúlówó. Ní 2021, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní kò tilẹ̀ pọn dandan fún un láti sin ìlú. Ibi yòówù tí ènìyàn bá dúró sí lórí ọ̀rọ̀ náà, ìwé ìròyìn ló fà á síta, kì í ṣe ajọ̀.

Orúkọ 48 lápapọ̀ ló dé Sẹ́nétì lọ́dún 2023. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ, wọ́n fọwọ́ sí 45. Mẹ́ta kù lókè, wọ́n ní àbọ̀ àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kò tíì dé lórí wọn. Ajọ̀ àkọ́kọ́ ló mú wọn, kì í ṣe ti Sẹ́nétì. Ọmọ Ògùn kan, Bọ̀sún Tìjání, dáhùn ìbéèrè nípa ọ̀rọ̀ tó ti kọ sórí Twitter tẹ́lẹ̀ nípa Nàìjíríà, ó sì tọrọ àforíjì. Ètò ìbánisọ̀rọ̀ àti ọrọ̀-ajé orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n padà gbé lé e lọ́wọ́, ṣùgbọ́n lẹ́tà tó gbé orúkọ rẹ̀ wá kò sọ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ 16 oṣù kẹjọ ni wọ́n tó kéde iṣẹ́ olúkúlùkù, ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn tí òòlù ti dún.