Ẹgbẹ́ Tí Ó Kó Owó Jọ Kí Ó Tó Kọ Òfin: Ìpilẹ̀ṣẹ̀ Ìwé Òfin DAO

Níhìn-ín ní Ìjẹ̀bú-Òde, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí ó bá fẹ́ kí ìjọba forúkọ òun sílẹ̀ ní láti kọ́kọ́ kọ ìwé òfin rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí a ń pè ní DAO kò gba ọ̀nà yẹn wá. Owó ni wọ́n kọ́kọ́ kó jọ, àdánù ni ó sì sún wọn dé ìdí òfin kíkọ.

DAO jẹ́ ẹgbẹ́ tí kò ní alága tàbí akápò. Tókìn, ìyẹn àmì orí íntánẹ́ẹ̀tì tí a lè rà tí a sì lè tà, ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fi ń dìbò, kóòdù kọ̀ǹpútà ni ó ń pa owó mọ́, tí ó sì ń san án bí ìbò bá ti wí. Èyí tí òkìkí rẹ̀ kọ́kọ́ kàn ń jẹ́ The DAO, orí Ethereum, àkọsílẹ̀ owó tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà jọ ń pa mọ́, ni wọ́n sì ti ṣí i ní òpin oṣù kẹrin ọdún 2016. Láàárín ọjọ́ 28, ohun tí àwọn ènìyàn dá sínú rẹ̀ ju mílíọ̀nù 150 dọ́là lọ. Àwọn tí ó gbé e kalẹ̀ sọ ọ́ síta pé bí àlàyé tí wọ́n fi èdè ènìyàn ṣe bá yàtọ̀ sí kóòdù, ti kóòdù ni yóò borí.

Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹfà, ẹnì kan rí i pé kóòdù náà ń san owó jáde kí ó tó yọ ọ́ kúrò nínú ìṣirò, ó sì ń béèrè owó kan náà léraléra títí ether, owó orí Ethereum, bíi mílíọ̀nù 3.6 fi kúrò nínú àpò ẹgbẹ́. Ohun tí ó ń dùn mí jù nínú ìtàn yìí ni pé kò sí ẹni tí ó ní àṣẹ láti dáhùn ìbéèrè tí ó tẹ̀ lé e: ṣé olè ni ẹni náà, nígbà tí kóòdù tí wọ́n fi ṣe òfin kò dí i lọ́nà? Nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, òfin tí ó de Awùjalẹ̀ fúnra rẹ̀ ti wà pẹ́ kí ìwé tó dé, síbẹ̀ ìlú mọ̀ pé inú ilédì Òṣùgbó, ìgbìmọ̀ àwọn àgbà ìlú, ni a ti ń túmọ̀ rẹ̀. The DAO ní òfin. Kò ní Òṣùgbó. Ní ọjọ́ 20 oṣù keje, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń lo Ethereum yí àkọsílẹ̀ rẹ̀ padà kí owó lè padà sọ́wọ́ àwọn tí ó ni ín. Àwọn tí kò fara mọ́ ọn dúró ti àkọsílẹ̀ àtijọ́, èyí tí ó ń jẹ́ Ethereum Classic títí dòní.

Láti oṣù keje ọdún 2021 ni ìpínlẹ̀ Wyoming ní Amẹ́ríkà ti ń jẹ́ kí DAO forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, ENS, tí ó ń fún ènìyàn ní orúkọ lórí Ethereum, gbé ìwé òfin ẹlẹ́sẹ márùn-ún jáde. Nígbà náà, ẹni tí ó bá wá gba tókìn rẹ̀ ń dìbò lórí ẹsẹ kọ̀ọ̀kan.

Ìwé òfin ọdún 2023 ti Arbitrum, ètò kan tí a kọ́ lé orí Ethereum kí ìsanwó lè yá, ni mo rí i pé ó sún mọ́ ìlànà Òṣùgbó jù. Ó fi ìgbìmọ̀ aláàbò ẹlẹ́ni 12 jẹ, tí mẹ́sàn-án nínú wọn gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí wọ́n tó lè yí kóòdù padà nígbà ewu. Oyè wọn kì í ṣe àjẹkú, ìbò ni wọ́n fi ń wọlé. Kò pẹ́ tí wọ́n fi dán ìwé náà wò: àjọ tí ń bójú tó Arbitrum mú àbá àkọ́kọ́ wá, tókìn mílíọ̀nù 750 wà nínú rẹ̀, wọ́n sì ti ń ná lára rẹ̀ kí ìbò tó parí. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ ọ́. Àjọ náà pín àbá náà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó sì kó ètò ìnáwó rẹ̀ wá síwájú wọn.