Máàpù tó ṣófo ò sọ pé sígínà yín ò dé ibẹ̀

Láàárín àwa tá a ń fi rédíò ṣeré (amateur radio), ọ̀rọ̀ máàpù yìí ti ń sú mi, àmọ́ nígbà tí àwọn èèyàn ò yéé gbé e wá, ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Ẹnì kan á gbé éríà tuntun sórí òrùlé l'Ékòó, á tan FT8, ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà fi ń ti inú rédíò fi ọ̀rọ̀ kúkúrú ránṣẹ́, lórí 14.074 MHz, á fi sílẹ̀ fún bíi wákàtí kan, á wá ṣí PSK Reporter, máàpù orí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń fi àwọn tó gbọ́ sígínà èèyàn hàn. Á rí i pé àmì kún Ítálì, ó kún Sípéènì, Jámánì ò kẹ̀rẹ̀, àmọ́ Ìbàdàn ò ní ẹyọ kan, Kútọnu ò ní, Lomé ò ní. Ó parí nìyẹn. "Rédíò mi ò dé Ìbàdàn." Kó tó di alẹ́, ó ti ń bèèrè iye tí wọ́n ń ta amplifáyà, ẹ̀rọ tó ń fi agbára kún sígínà.

Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀ o. Lórí 14 MHz lọ́sàn-án, sígínà máa ń gòkè lọ bá ionosphere, ìpele kan lókè ojú ọ̀run tó ń dá sígínà padà, kó tó padà wálẹ̀, ibi tó máa ń balẹ̀ sí sì jìnnà, tó fi jẹ́ pé ìlú tó wà nítòsí lè bọ́ sáàárín, kó má gbọ́ nǹkankan. Ẹni tó bá fẹ́ bá Ìbàdàn sọ̀rọ̀ lọ́sàn-án, kó lọ gbìyànjú 7 MHz pẹ̀lú éríà wáyà tí ò ga púpọ̀. Gbogbo wa la mọ ìyẹn, ẹ jẹ́ ká kúrò níbẹ̀.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kì í bèèrè ni pé: ta ló ń gbọ́ ní Ìbàdàn lásìkò yẹn?

Máàpù yẹn kì í ṣe máàpù ibi tí sígínà yín dé, máàpù àwọn tó tan rédíò sílẹ̀ ni. Kí àmì kan tó lè yọ ní Kútọnu, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà ní Kútọnu tó ní rédíò HF (èyí tó ń lo bándì bíi 7, 14 àti 21 MHz) àti éríà, iná gbọ́dọ̀ wà fún un, rédíò yẹn gbọ́dọ̀ wà lórí bándì tí ẹ̀yin wà gan-an, kì í ṣe 7 MHz, kì í ṣe 21 MHz, kọ̀ǹpútà rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa tú FT8, kí aago kọ̀ǹpútà náà má sì fi bíi ìṣẹ́jú àáyá méjì yàtọ̀ sí tiyín, kí dátà wà, kí òun fúnra ẹ̀ sì ti lọ tẹ ibi tí wọ́n ti ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé kó máa fi ohun tó gbọ́ ránṣẹ́ sí máàpù. Tí ẹyọ kan bá yẹ̀ nínú gbogbo ìwọ̀nyí, òfìfo lẹ máa rí. Ní Yúróòpù, àwọn tó ń ṣe é lọ́sàn-án lóru pọ̀ bí yanrìn, apá ọ̀dọ̀ wa wá ńkọ́? Ẹ̀yin náà ẹ ka àwọn tẹ́ ẹ mọ̀.

Ká tún ní ẹnì kan tan tiẹ̀ sílẹ̀, ṣé ó ń gbọ́ràn ṣá? Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò, ínfátà, ṣájà sólà olówó pọ́ọ́kú tó ń pariwo láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ lórí gbogbo bándì. Sígínà yín lè wà nínú éríà ẹ̀ níbẹ̀, kí ariwo bò ó mọ́lẹ̀ pátápátá.

Torí náà, kẹ́ ẹ tó pariwo, ẹ wá ibi tí máàpù ti ń fi àwọn tó ń gbọ́ hàn, ẹ mú ẹyọ kan, ẹ wo ohun tó gbọ́ láàárín ìṣẹ́jú tí ẹ̀yin ń ránṣẹ́. Tó bá gbọ́ ẹlòmíì l'Ékòó lórí bándì kan náà tí kò gbọ́ yín, a ti ní nǹkan tá a lè jókòó sọ. Tí ò bá gbọ́ ẹnikẹ́ni, kí lẹ fẹ́ kó sọ nípa yín?

Kì í ṣe òní la ti ń ṣe àṣìṣe yìí. Ní February 1921, àwọn ọmọ Amẹ́ríkà tó ń fi rédíò ṣeré ránṣẹ́ sọdá òkun sí Bìrìtìkó, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun gbọ́ wọn. Ẹgbẹ́ wọn, ARRL, wá rán Paul Godley lọ sí Ardrossan ní Skọ́tílándì ní December ọdún kan náà, ó gbé rédíò tó dáa dání, ó ta wáyà gígùn sórí pápá, ó jókòó sínú àgọ́ nínú òtútù, ó sì gbọ́ stéṣọ̀n tó ju 20 lọ láti Amẹ́ríkà. Mi ò ní pé gbogbo wọn ló ti ń dé ní February, àwọn náà tún ẹ̀rọ wọn ṣe kó tó di December. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbọ́ yẹn, òun gan-an ni wọn ò ní tẹ́lẹ̀.

Àwọn tó ń fi skrínṣọ́ọ̀tì yangàn náà ò mọ́wọ́ dúró. "Mo dé Jámánì pẹ̀lú wáàtì 10!" Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ wo nọ́ńbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, èyí tó ń sọ bí sígínà ṣe lágbára tó sí ariwo: -19 dB. Kọ̀ǹpútà ló gbọ́ ìyẹn, etí èèyàn ò lè gbọ́ ọ. Kí ẹ tó lè fẹnu sọ̀rọ̀ tó máa já geere, ẹ máa nílò bíi +10, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 30 dB sókè, ìlọ́po 1,000. Wáàtì 10 yín di 10,000 nìyẹn. WSPR, ọ̀nà míì tí kọ̀ǹpútà fi ń dán ibi tí sígínà ń dé wò, tún jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ń tú sígínà tó kéré ju ti FT8, wáàtì tó sì ń gbé sórí máàpù, ẹni tó ń ránṣẹ́ ló fọwọ́ ara ẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ẹnikẹ́ni ò lọ wọ̀n ọ́n. Mo ti rí 200 milliwatt tó ń ṣe bíi pé ó ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, mi ò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tó ṣì lè ràn yín lọ́wọ́ díẹ̀ ni àwọn beacon NCDXF, ìyẹn àwọn rédíò tó ń dá ránṣẹ́ fúnra wọn kéèyàn lè mọ̀ bóyá ọ̀nà ṣí, méjìdínlógún ni wọ́n káyé, ẹ lè gbọ́ wọn lórí 14.100 MHz. Tí kò bá bàjẹ́ lọ́jọ́ náà, ZS6DN wà ní Gúúsù Áfíríkà, 5Z4B ní Kẹ́ńyà. Wọ́n á fi wáàtì 100 pe orúkọ wọn ní Mọ́ọ̀sì, dáàṣì kan (ohùn gígùn kan) á tẹ̀ lé e ní 100, òmíì ní 10, òmíì ní 1, èyí tó kẹ́yìn ní 0.1. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ títí dé ti wáàtì 1, ọ̀nà ṣí láti ọ̀dọ̀ wọn sí yín, ó sì ṣeé ṣe kó ṣí padà. Ṣeé ṣe ni mo wí o, torí ariwo ọ̀dọ̀ wọn kọ́ ni ariwo ọ̀dọ̀ yín.

Tí wọ́n bá wá ní kí n sọ ibi tí sígínà yín dé gan-an, mo lè sọ ibi tó dé ó kéré tán. Ibi tí kò dé, mi ò lè búra.

Amplifáyà yẹn, ẹ fi owó yín sápò ná. WSPR máa ń gbé agbára jáde fún nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì láìmí, rédíò tí wọ́n ṣe fún ọ̀rọ̀ ẹnu sì máa ń gbóná bí iná tẹ́ ẹ bá fi wáàtì 100 lé e léra léra, ẹ dín in kù sí ìdajì tàbí kó kéré sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tẹ callsign 5N (orúkọ ìdánimọ̀ rédíò ti Nàìjíríà) tí wọn ò fún yín torí pé ẹ kàn fẹ́ wo máàpù, ẹni tó ni callsign yẹn náà ń wo máàpù o.